Ọjọ́ Tí Orin Wọlé: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Kíkọ Déètì Sínú Fáìlì Orin

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àpéjọ àwọn ọmọ Yorùbá sọ ní Kúbwà, Àbújá, nìyí. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́, àyàfi àwọn ibi díẹ̀ tí mo ti tún gbólóhùn tò kí ó lè yé ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ akọrin, ẹ̀yin aṣíwájú àsàlátù, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti Nyanya, Lugbe àti Gwagwalada wá, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru, ẹ sì kú ìfarabalẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ alága fún àyè tí wọ́n fún mi. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe lè tọ́jú àwọn orin tó wà lórí kọ̀ǹpútà àti fóònù wa. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò púpọ̀, nítorí náà apá kan ṣoṣo ni mo mú nínú rẹ̀: ọjọ́ tí orin kọ̀ọ̀kan wọlé wá bá wa, àti bí a ṣe lè kọ ọjọ́ náà sínú fáìlì orin fúnra rẹ̀ kí ó má baà sọnù.

Ẹnìkan lè bi mí pé: kí ni a fẹ́ fi ọjọ́ tí orin wọlé ṣe? Ṣebí orin ni a fẹ́ gbọ́? Ìbéèrè gidi ni, òun ni n ó sì kọ́kọ́ dáhùn. Àwọn àgbà ní, bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Orin tí a fẹ́ràn lónìí kọ́ ni a fẹ́ràn ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ẹni tí a jẹ́ nígbà náà kọ́ ni a jẹ́ báyìí. Níbo ni ìyàtọ̀ yẹn wà ní àkọsílẹ̀? Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, kò sí níbì kankan àfi nínú bí orin ṣe wọlé tẹ̀léra.

Ohun tí ọjọ́ ìwọlé ń sọ

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa níbí, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀kan lára àwọn tí iṣẹ́ kó wá láti Èkó lẹ́yìn tí Àbújá di olú-ìlú ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991. Kí bàbá tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ ti gbé wọn dé Màídúgùrì, ó ti gbé wọn dé Sókótó, ó sì ti gbé wọn dé Jọ́s. Ibi gbogbo tí wọ́n bá dé ni wọ́n ti ń kó orin jọ: jùjú àti àpàlà tí wọ́n gbé kúrò nílé, orin Haúsá tí àwọn ará àdúgbò fún wọn, orin ẹ̀mí tí àwọn akọrin ìjọ wọn kọ. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn sórí kọ̀ǹpútà. Bàbá yìí kò kọ ìwé ìrántí rí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí kọ̀ǹpútà to orin náà bí ó ṣe wọlé tẹ̀léra, wọn a máa fi ìka tọ́ka sí i, wọn a sì máa sọ pé: ìgbà tí mo wà ní Jọ́s nìyí, ìgbà tí a ń múra ìgbéyàwó àkọ́bí wa nìyí, ọ̀rẹ́ mi kan ló fi èyí ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tí ìyá mi kú.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà yẹn gbó, ọmọ wọn ra tuntun fún wọn ní Banex, ní Wúsè, ó sì fi fúláàṣì da gbogbo orin náà sínú rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, kò sí orin kan tí ó sọnù. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá ṣí i, ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo orin náà ní, ìyẹn Sátidé tí wọ́n dà wọ́n. Ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ti di ọ̀sán ọjọ́ kan. Bàbá ní, kí ni o ṣe fún orin mi? Ọmọ ní, ẹ kà á, Bàbá, gbogbo rẹ̀ ló pé. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí a mú nínú ìtàn yìí ni pé ọdún tí wọ́n gbé orin jáde, ti olórin ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí orin wọlé, ti onílé ni. Bí ti olórin bá sọnù, a lè wá a lára àwo, a lè bi àwọn tó ń ta àwo àtijọ́, a lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí tiwa bá sọnù, ta ni a ó bi? Kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo ayé tó mọ̀ ọ́n.

Fún ẹgbẹ́ akọrin àti àsàlátù, ọ̀rọ̀ náà tún kọjá ìrántí. Bí ẹ bá ní orin kan náà ní ohùn méjì, ọjọ́ ìwọlé ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ èyí tó ṣáájú. Bí ẹ bá sì fẹ́ da orin yín pamọ́ sí dírááfù kejì, ọjọ́ ìwọlé ni yóò fi èyí tó wọlé lẹ́yìn ìgbà tí ẹ dà á kẹ́yìn hàn yín, tí ẹ kò fi ní máa da gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun.

Níbo ni kọ̀ǹpútà ń tọ́jú ọjọ́ sí?

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí apá kejì, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ibi tí ọjọ́ ń gbé kò lè mọ bí ó ṣe ń sá lọ. Ibi mẹ́ta ni.

Ibi àkọ́kọ́ ni ara dírááfù tí fáìlì wà lórí rẹ̀. Windows ń kọ ọjọ́ tí a dá fáìlì sílẹ̀, ó sì ń kọ ọjọ́ tí a yí i padà kẹ́yìn. Bí a bá da fáìlì láti orí dírááfù kan sí òmíràn, ọjọ́ ìdásílẹ̀ á di ọjọ́ tí a dà á, ṣùgbọ́n ọjọ́ àyípadà á bá a lọ bí ó ṣe wà. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa ń rí fáìlì tí ó dà bíi pé wọ́n ti yí padà kí wọ́n tó dá a. Ẹ má ṣe rò pé ẹ̀rọ ti dàrú o. Ó kàn ń sọ fún yín pé ibòmíràn ni fáìlì náà ti wá ni.

Èwo nínú méjèèjì ni ó wá jẹ́ ọjọ́ ìwọlé? Ó dá lórí ibi tí orin ti wá. Ẹ ronú sí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ ní Sábọ̀n Gàrí ní Kánò tàbí lẹ́bàá títì ní Màràrábá, tí wọ́n ń gba owó kékeré láti da orin kún mẹ́mọ́rì káàdì fún èèyàn. Bí ẹ bá da orin lọ́dọ̀ wọn, ọjọ́ àyípadà lè jẹ́ ti kọ̀ǹpútà tiwọn, tí kò kàn yín rárá, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìdásílẹ̀ tó wà lórí káàdì yín ni ọjọ́ tí orin di tiyín. Ti bàbá tí mo sọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀ pátápátá: lórí kọ̀ǹpútà tuntun, ọjọ́ ìdásílẹ̀ ni ó ń tan ni jẹ, ọjọ́ àyípadà sì ni ó sún mọ́ òtítọ́. Kò sí òfin kan tí ó kárí gbogbo orin. Ẹni tó ni orin ni yóò ṣe ìdájọ́.

Ibi kejì ni inú ètò tí a fi ń gbọ́ orin. iTunes, tí Apple gbé jáde ní ọdún 2001, ń fi ọjọ́ tí orin wọlé hàn lábẹ́ orúkọ Date Added, MusicBee náà sì ní irú rẹ̀. Ó dára, ó sì wúlò, ṣùgbọ́n inú ìwé àkójọ tí ètò náà ń tọ́jú ni ọjọ́ yẹn wà, kò sí nínú fáìlì orin. Bí ìwé àkójọ bá bàjẹ́, tàbí tí ẹ bá gbé orin lọ sínú àkójọ tuntun, ọjọ́ òní ni yóò kọ sí gbogbo rẹ̀. Mo mọ àwọn tó máa ń yí aago kọ̀ǹpútà padà sẹ́yìn kí wọ́n tó kó orin sínú iTunes, kí ó lè kọ ọjọ́ àtijọ́ sí i. Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n inú ìwé àkójọ kan náà ni ọjọ́ tí wọ́n ṣe wàhálà lé lórí yẹn ń padà sí.

Ibi kẹta ni inú fáìlì fúnra rẹ̀, ohun tí a ń pè ní táàgì. Ibẹ̀ ni orúkọ orin, orúkọ olórin àti orúkọ àwo wà. Táàgì dà bí ilà ojú: ibi tí ẹni tó kọ ọ́ bá gbà lọ, ó ń bá a lọ. Ẹ da fáìlì sí fúláàṣì, ẹ fi ránṣẹ́, ẹ pa kọ̀ǹpútà tì, ẹ ra òmíràn, ohun tó wà nínú táàgì kò yẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a kọ ọjọ́ wa sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa bí táàgì ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni a ó ti mọ ìdí tí àyè fi ṣọ̀wọ́n fún ohun tí a ń wá. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Jámánì ni wọ́n fún irú fáìlì tí ọ̀pọ̀ orin wa wà nínú rẹ̀ ní orúkọ mp3 ní ọdún 1995. Nígbà náà, kò sí ibi tí èèyàn lè kọ orúkọ olórin sí nínú rẹ̀. Ní ọdún 1996, Eric Kemp so báìtì 128, ìyẹn àyè tó tó lẹ́tà 128, mọ́ ìdí fáìlì, ó sì pè é ní ID3. Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni T, A àti G. Orúkọ orin ní àyè 30, olórin ní 30, àwo ní 30, ọdún ní 4, àlàyé ní 30, irú orin sì ní 1. Ó tán. Ẹ wo bí ó ṣe há fún orúkọ orin Yorùbá, tí kò tilẹ̀ gba gbogbo àmì tó yẹ kí ó wà lórí rẹ̀! Ẹ̀dà kejì tí ó jáde ní ọdún 1998 tú wa sílẹ̀: iwájú fáìlì ni ó wà, orúkọ inú rẹ̀ lè gùn bí ó bá ṣe wù wá, a sì lè fi àmì sí ọ̀rọ̀ wa bó ṣe yẹ.

Ọjọ́ kan kọ́ ni orin ní

Ẹ̀dà tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2000, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2.4, ní àyè fún ọjọ́ oríṣiríṣi. TDRC ni ọjọ́ tí wọ́n gba ohùn orin sílẹ̀. TDRL ni ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde, TDOR ni ọjọ́ tí ojúlówó rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, TDEN ni ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ di fáìlì, TDTG sì ni ọjọ́ tí wọ́n kọ táàgì sí i. Ọjọ́ tí orin wọlé rẹ ńkọ́? Kò sí. Gbogbo àyè yẹn, kò sí èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún onílé.

Nítorí àìsí àyè yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń kọ ọjọ́ ìwọlé sí ibi tí kò yẹ, pàápàá sí àyè ọdún. Mo ti rí orin Àyìnlá Ọmọwúrà tí táàgì rẹ̀ sọ pé ọdún 2013. Ọmọwúrà kú ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1980. Ta ni ó wá kọrin ní 2013? Ẹni tó ni fáìlì náà kò purọ́, ọdún tí orin dé ọwọ́ rẹ̀ ni ó kọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá fi orin náà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹni yẹn kò ní mọ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ mọ ìtàn àpàlà yóò ka irọ́, yóò sì gbà á gbọ́. Ẹ̀yin ará mi, mo bẹ̀ yín, ẹ fi àyè ọdún sílẹ̀ fún olórin.

Kásẹ́ẹ̀tì ni ó tún mú ọ̀rọ̀ náà díjú sí i. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ní kásẹ́ẹ̀tì ìsọmọlórúkọ, ti òkú ṣíṣe, ti ìdúpẹ́, tí àwọn òbí wa fi bírò kọ nǹkan sí lára páálí rẹ̀. Ká ní wọ́n gba ohùn ayẹyẹ kan sílẹ̀ ní Ìlọrin ní ọdún 1986, tí kásẹ́ẹ̀tì náà dé Kàdúná ní 1990, tí ọmọ sì sọ ọ́ di fáìlì ní 2016. Èwo ni ọjọ́ ìwọlé? Àwọn kan yóò ní 1990. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí 1986 wà ní àyè ìgbohùnsílẹ̀, kí 2016 jẹ́ ọjọ́ ìwọlé, nítorí pé ìgbà náà ni fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í wà nínú àkójọ yín, kí ẹ sì kọ ìtàn 1990 sí àyè àlàyé ní gbólóhùn kan: ẹni tó mú kásẹ́ẹ̀tì wá, àti ibi tó ti mú un wá. Ohun tí wọ́n fi bírò kọ sára páálí náà, ẹ dà á kọ síbẹ̀ lẹ́tà dé lẹ́tà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ìyá kan fi bírò kọ lè ṣí ìtàn odindi ẹbí.

Bí a ó ṣe kọ ọ́

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀dà kejì ID3 fún wa ní àyè kan tí ń jẹ́ TXXX, níbi tí èèyàn ti lè dá àyè tirẹ̀ sílẹ̀ kí ó sì fún un ní orúkọ tó wù ú. FLAC, irú fáìlì orin mìíràn tó yàtọ̀ sí mp3, náà gbà wá láàyè láti dá àyè sílẹ̀ bí a bá ṣe fẹ́. Orúkọ tí mo dábàá fún gbogbo wa ni OJO_IWOLE, láìsí àmì lórí rẹ̀, nítorí pé FLAC kò gba lẹ́tà alámì nínú orúkọ àyè. Kí gbogbo wa lo orúkọ kan náà ni ó ṣe pàtàkì, kí ẹgbẹ́ akọrin Kúbwà lè fi orin ránṣẹ́ sí ti Kàdúná kí wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n ó wò.

Bí a ó ṣe to ọjọ́ náà ńkọ́? Ọdún ni kí ó ṣáájú, kí oṣù tẹ̀lé e, kí ọjọ́ gbẹ̀yìn: 2014-08-23. Kí ni ìdí? Bí ẹnìkan bá kọ 03/04/2012, àwa yóò kà á sí ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin, ará Amẹ́ríkà yóò kà á sí ọjọ́ 4 oṣù Kẹta. Bí ọdún bá ṣáájú, kò sí àríyànjiyàn, kọ̀ǹpútà yóò sì tò wọ́n tẹ̀léra láìṣe wàhálà. Bí ẹ kò bá mọ ọjọ́, ẹ kọ ọdún àti oṣù, 2009-06. Bí ẹ kò bá mọ oṣù, ẹ kọ 2009 kí ẹ sì dúró níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dá ọjọ́ 1 oṣù Kìíní sílẹ̀ láti fi dí àlàfo, nítorí pé lọ́jọ́ iwájú, ẹ̀yin fúnra yín kò ní mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ mọ́.

Ètò tí mo ń lò ni Mp3tag, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí Windows. Ẹni tí ń lo Linux lè lo Kid3. Nínú Mp3tag, ẹ yan àwọn orin, ẹ lọ sí Convert, ẹ yan Tag - Tag, ẹ kọ OJO_IWOLE sí ibi orúkọ àyè, kí ẹ sì kọ %_file_create_date% sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà, ọjọ́ ìdásílẹ̀ orin kọ̀ọ̀kan yóò wọ inú táàgì rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yí bí Windows ṣe ń kọ déètì padà sí èyí tí ọdún ṣáájú, nítorí pé bí ó ṣe ń kọ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà yín ni Mp3tag yóò ṣe kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ àyípadà ni ẹ ti ṣe ìdájọ́ pé ó tọ̀nà, ẹ fi mod rọ́pò create. Kí ẹ sì rí i dájú pé ẹ ti ní kí Mp3tag dá ọjọ́ àyípadà sí nígbà tí ó bá ń kọ táàgì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò pa ẹ̀rí tí ẹ ń wá rẹ́.

Orin tó gba WhatsApp wá ní ẹ̀rí tirẹ̀ lára orúkọ. Bí fáìlì bá ń jẹ́ AUD-20190304-WA0007, ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 2019 ni ó jẹ́. Ẹ má ṣe tètè yí orúkọ náà padà kí ẹ tó kọ ọjọ́ yẹn sínú táàgì.

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ètò orin orí fóònù kì í fi àyè tí a fọwọ́ ara wa dá hàn. Kò burú. Ó wà nínú fáìlì, ẹnikẹ́ni tó bá fi Mp3tag tàbí Kid3 ṣí i yóò rí i.

Nígbà tí aago bá purọ́

Apá tó kẹ́yìn ni èyí tí ó jẹ mí lógún jù, nítorí pé àwa tí a ń gbé níbi tí iná ọba kò ti dúró ni ó ń bá jà jù. Aago inú kọ̀ǹpútà ní bátìrì kékeré tirẹ̀. Bí bátìrì yẹn bá kú, tí iná sì lọ, aago yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí orin tó sọ pé ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1980, ìdí ni pé ọjọ́ yẹn ni ìṣirò ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ fúláàṣì àti mẹ́mọ́rì káàdì. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1970 ní aago kan òru, ibi tí Linux àti Android ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ nìyẹn. Wákàtí kan tó lé ní tiwa níbí, nítorí pé Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú aago àgbáyé ni. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ rárá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó wọ inú táàgì yín.

Èyí tó tún le ni irọ́ tó jọ òótọ́. Àsàlátù kan ní Mínnà ń fi ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ gba orin wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ bátìrì, kò sí ẹni tó tún aago ẹ̀rọ náà ṣe, gbogbo orin tí wọ́n gbà lẹ́yìn náà sì ní ọjọ́ tó ti kọjá tipẹ́ kí ẹgbẹ́ wọn tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé ó ti bàjẹ́ tán nìyẹn? Rárá. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Aago tí kò tọ̀nà kò dúró sójú kan, ó ń rìn bí aago gbogbo ṣe ń rìn. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìkan ni kò tọ̀nà. Wọ́n wá orin tí wọ́n kọ níbi Màólúdì kan tí wọ́n ní ìwé ètò rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé, wọ́n wo èyí tí ẹ̀rọ kọ, wọ́n fi Excel yọ ọ̀kan nínú èkejì láti mọ iye ọjọ́ tó wà láàárín wọn, wọ́n sì fi iye ọjọ́ yẹn kún ti gbogbo orin tó wà láàárín ìpààrọ̀ bátìrì kan sí èkejì. Nígbà tí wọ́n tún wò ó, gbogbo rẹ̀ ló bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ tí àsàlátù ń jókòó. Ìgbà náà ni wọ́n mọ̀ pé ìṣirò wọn tọ̀nà.

Ti bàbá Kúbwà ńkọ́? Wọn kò tíì ta kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà. Nínú dírááfù rẹ̀, ọjọ́ ìdásílẹ̀ gbogbo orin wà bí ó ṣe wà. Windows ní àṣẹ kan tí ń jẹ́ robocopy, tí ó máa ń gbé ọjọ́ ìdásílẹ̀ dání bí ó bá ń da fáìlì, yàtọ̀ sí bí a ṣe ń dà á lásán. Òun ni a fi da orin náà, a sì kọ OJO_IWOLE sínú ẹ̀dà tuntun láìfọwọ́ kan ti àtijọ́. Àwọn orin tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn ṣáájú ìyẹn ni ọjọ́ wọn kò pé. Bàbá jókòó tì wá, wọ́n sì ń sọ ọdún tí wọ́n bá rántí, ọdún nìkan ni a sì kọ.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé kọ̀ǹpútà dání, tábìlì ti wà ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, àwọn ọ̀dọ́ tó mọ Mp3tag lò sì wà níbẹ̀. A ó kọ́kọ́ da orin yín pamọ́ sí ibòmíràn kí a tó fọwọ́ kan táàgì kankan. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ tàbí dírááfù nílé, kí ó má ṣe da ohunkóhun sínú rẹ̀ o, kí ó má sì ṣe fún ẹnikẹ́ni láti fi gbọ́ orin; kí ó gbé e wá bí ó ṣe wà ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Bí ìwé ètò ayẹyẹ àtijọ́ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ mú un wá pẹ̀lú. Ẹ ṣeun púpọ̀. Alága, mo ti ṣetán láti gba ìbéèrè.